Ọwọ́ Ọ̀tún Kápítéènì

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, n ò wọ bàálù rí láyé mi. Mọ́tò ni mo wọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Ìbàdàn, mo sì bì lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, láti Ring Road títí dé Challenge, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra ohun tí wọ́n fi ń darí bàálù inú kọ̀ǹpútà, ìsọ̀ mi ni wọn yóò júwe fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń fi ara mi rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ní Ìbàdàn ni pé n kì í ṣe Yorùbá mọ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti bí mi, lábẹ́ ìjọba àwọn Faransé àtijọ́, ọba wa ń dé adé, oríkì wa gùn, bàbá bàbá mi kò gbọ́ èdè mìíràn títí wọ́n fi kú. Mo dé Agbowó, mo kí obìnrin tí mo fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ké sí àwọn ọmọ rẹ̀: “Ẹ wá gbọ́ o, Àgànyìn tó ń sọ Yorùbá!”

Àgànyìn! Èmi ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́! Mo fẹ́ dá a lóhùn bó ṣe yẹ, ẹnu mi kò sì kúrú, ṣùgbọ́n yàrá náà dára, kò sì jò. Ẹni tó ń wá yàrá kì í ka oríkì.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti sọnù. “Kútọnu” ni wọ́n ń pè mí. Mo ń kiri wáyà àti ṣájà ní Dùgbẹ̀, “Kútọnu, èló?” Mo ṣàìsàn, “Kútọnu, ṣé ara ti yá?” Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe ìyá mi nílé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Ìyá.”

“Ta lo bá jẹ ẹ́?”

Ibẹ̀ ni irọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tí n kò ní, mo fún wọn ní ọkọ, mo fún wọn ní ọmọ. Nígbà tí ó yá, ìyá mi ń ránṣẹ́ kí wọn.

* * *

Àbúrò mi Ràmónù ló wà ní Kútọnu gan-an, níbi tí ẹrù tọ́kúnbọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Òun ló ń ra ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo ti ní ìsọ̀ ní Ring Road, ó fi àpò kan ránṣẹ́. Mo tú u, mo ṣí ẹnu sílẹ̀, mo pè é.

“Ràmónù, kí lo kó wá yìí? Ọ̀kan níwo bíi màlúù.”

“Tà á, Àǹtí.”

“Fún ta?”

“Fún ẹni tí kò ní ìwo.”

Lékan, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Bódìjà, ló là mí lójú. Ó wá ra wáyà, ó rí àpò náà, ó fò sókè bí ẹni tí ejò ṣán. Ó ní àwọn ènìyàn máa ń jókòó sí yàrá wọn, wọn a máa wa bàálù nínú kọ̀ǹpútà, òjò inú rẹ̀ ń rọ̀, kùrukùru inú rẹ̀ ń ṣú, bíi ti òótọ́. Mo ní àwọn èrò ńkọ́? Ó ní kò sí èrò. Mo ní, “Ẹ ń fi òfìfo ọkọ̀ rin gbogbo ayé?” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ra ọ̀kan, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

Mo kọ́ iṣẹ́ náà bí a ṣe ń kọ́ ṣíṣa tòmátì lọ́jà: ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀pá, èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́sítíìkì, ẹ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá dúró ṣánṣán, sípírìǹgì rẹ̀ ṣì ní ẹ̀mí. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí, ẹ sá fún un, nítorí bàálù yín yóò máa fì láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ wò, kó wúwo. Ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ bá fúyẹ́ yóò bá yín dìde lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á tagbáratagbára. Oníwo ní tirẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ ṣe bí awakọ̀ bàálù ńlá, ẹ fi ọwọ́ di ìwo rẹ̀ mú, ẹ fà á mọ́ àyà kí bàálù gbé imú sókè. Tábìlì tó nípọn ló fẹ́, kì í ṣe páálí tí àwọn káfíńtà kan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tí wọ́n pè ní tábìlì. Tọ́rótù náà wà, àpótí kékeré tó ní ọwọ́ lórí: ẹ tì í síwájú, ẹ́ńjìnnì gba agbára, ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni n kì í tà, ìyẹn ti ọlọ́wọ́ òsì. Àwọn òyìnbó a máa gbẹ́ ọ̀pá kan tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ òsì nìkan ló bá a mu. Mo sọ fún Ràmónù pé kó má náwó sórí ìyẹn. “Ta ni yóò fi ọwọ́ òsì gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú sánmà?”

* * *

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá àgbà kan sọ̀kalẹ̀ nínú takisí níwájú ìsọ̀ mi. Wọ́n mọ́, wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n.

“Ìwọ ni Kútọnu?”

“Èmi ni, mà.”

“Wọ́n ní o mọ ohun tí wọ́n fi ń wa bàálù.”

“Mo mọ̀ ọ́n tà ni, mà. Wíwà kọ́.”

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo fún wọn ní àga. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Akobo ni ilé wọn. Ọkọ wọn, Kápítéènì, ti wa bàálù ńlá fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Oṣù kẹjọ rèé tí àìsàn ẹ̀gbà ti mú wọn lápá ọ̀tún, apá kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Kúnlé ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ti fi kọ̀ǹpútà ńlá ránṣẹ́, bóyá bàbá yóò lè máa wa bàálù nílé. Ó ku ohun ìdarí.

“Ṣíbí mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́,” Mọ́mì, bí mo ṣe wá ń pè wọ́n, sọ. “Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mò ń wò. Bí wọn kò bá rí nǹkan tí yóò pè wọ́n padà, orí àga yẹn ni wọn yóò kú sí lójú mi.”

“Apá ọ̀tún lẹ wí, mà?”

“Ọ̀tún.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi ló wà lọ́kàn wọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde. Mọ́mì ní láti ìgbà tí àìsàn ti dé, Kápítéènì kì í jẹ́ kí àlejò na nǹkan sí wọn, kí wọ́n má baà fi òsì gbà á. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ẹ ó wá gbé ìdarí síwájú wọn, ẹ ó ní kí wọ́n fi òsì wà á?

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà,” ni mo wí. “A ó fi ọ̀pá sí ọ̀tún wọn, a ó fi báńdéèjì dè é. Tọ́rótù, iṣẹ́ kékeré nìyẹn, ó lè wà ní òsì.”

Mo ti ìsọ̀, mo bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ n kì í bá oníbàárà délé.

Ẹ̀gbà náà ló mú bàbá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọdún kẹta tí mo dé Ìbàdàn. Wọ́n gbé fóònù sí wọn létí. Mo ń pariwo láàárín Dùgbẹ̀, “Bàbá, èmi ni! Bàbá!” Àwọn tó ń kọjá ń yà fún mi bí wọ́n ṣe ń yà fún wèrè. Èémí nìkan ni mo gbọ́. Wọ́n mí, wọ́n mí, owó orí fóònù mi tán. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́ de ẹni tó wà lájò. Nígbà tí mo délé, yẹ̀pẹ̀ orí sàréè ti gbẹ.

* * *

Ilé Akobo tutù, ínfátà wọn kì í sinmi. Kápítéènì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọjú sí ògiri. Lára ògiri náà ni fọ́tò wọn wà, wọ́n jókòó síwájú bàálù nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, pẹ̀lú irunmú kan tó tó láti fi gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ojú wọn nìkan ló yí sí mi.

A de ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọ̀pá. Ọwọ́ yọ̀, bàálù já bọ́. Kápítéènì ké, igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Mo padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo ti yọ sípírìǹgì líle kúrò, mo fi èyí tó rọ̀ sí i. Gbogbo ìwúwo apá wọn wá lélẹ̀ lórí ọ̀pá, bàálù fi imú gbẹ́ ilẹ̀. Mo mú pádì géèmù wá, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, mo sì dá a padà sínú báàgì kí ojú má baà tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kẹrin, mo gbé oníwo wá, a de ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ìwo ọ̀tún. Apá fà á sísàlẹ̀, bàálù fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń yí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Kápítéènì,” ni mo ń wí. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.” Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀ mi ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi tó ń ta gbogbo rẹ̀ kò rí nǹkan kan tà.

Mo ń tú báńdéèjì náà nígbà tí Kápítéènì fi ọwọ́ òsì gbá tọ́rótù kúrò lórí tábìlì, gbà! Ó fọ́nká sílẹ̀. Mọ́mì kígbe. Kápítéènì na ìka òsì sí ògiri. A rò pé wọn kò fẹ́ rí fọ́tò náà mọ́. Mọ́mì gbé e wálẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí yàrá, ọkọ wọn sì tún ké. Wọ́n wá gbé e sórí ẹsẹ̀ ọkọ wọn. Ìka òsì rìn lórí gíláàsì títí ó fi débi kan, ó dúró.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wo fọ́tò náà, irunmú nìkan ni mo rí. Nínú rẹ̀, Kápítéènì jókòó sí àga òsì. Ọwọ́ òsì wọn ló di ìwo mú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí tọ́rótù láàárín.

“Ò... sì,” ni Kápítéènì wí. “Gbogbo wa. Òsì.”

Mọ́mì fi ọwọ́ bo ẹnu. “Bàbá Kúnlé! Ọwọ́ òsì lẹ fi ń gbé gbogbo àwọn àlàájì yẹn lọ sí Mẹ́kà?”

Èjìká kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lára Kápítéènì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

* * *

Mo gbé oníwo síwájú wọn, mo gbé tọ́rótù mìíràn sí ọ̀tún. Wọ́n di ìwo òsì mú fúnra wọn, kò sí báńdéèjì, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́. Bàálù dúró bí omi inú àwo. Ọwọ́ tí mò ń fi ọ̀sẹ̀ méjì wá kiri wà lára wọn, ara rẹ̀ dá ṣáká. Àwa tí a mọ ìwà hù ni a dè é mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n tọ́rótù wà ní ọ̀tún, ọ̀tún sì ti kú. Mo pe Lékan, ó ní bọ́tìnnì kan wà lára ìwo òsì tí a lè fi ṣe iṣẹ́ tọ́rótù. Kápítéènì mi orí. Kò sí bàálù tí wọ́n wà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wo àga tó ṣófo lápá ọ̀tún wọn, wọ́n wò mí. Mo jókòó sí i.

Bí mo ṣe di ọwọ́ ọ̀tún wọn nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ sí Akobo. “Tì,” wọn a wí, mo tì í. “Fà.” Mo fà á. “Díẹ̀! Mo ní díẹ̀!”

“Kápítéènì, ẹ má bínú o, ọjà ni mò ń tà.”

“Tà á... dáadáa.”

Mọ́mì ṣòfin pé kò sí ẹni tí yóò fò láì jẹ́ pé ó jẹun. Èmi àti Kápítéènì a jókòó ti mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, ṣíbí mẹ́ta di mẹ́wàá, ó di abọ́ kan. Nígbà tí ìyá mi bi mí ní Jímọ̀ pé ta ni mo bá jẹun, mo ní awakọ̀ bàálù ni. Wọ́n ní, “Àwọn irọ́ tó o ti ń pa fún mi tẹ́lẹ̀ dára ju èyí lọ.” Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún wọn ni wọ́n kọ̀.

Lọ́jọ́ kan Kápítéènì bi mí pé, “Ilé?” Mo ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n yí ìwo sí ìwọ̀ oòrùn. A rìn, a rìn, wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sílẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn. Koríko. Kò sí àwọn òkè wa, àwọn òkè òkúta tí ènìyàn ń rí láti ọ̀nà jíjìn kó tó rí ilé kankan. Kò sí mọ́ṣáláṣí, kò sí ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí. Ẹ̀rọ tó mọ òpó iná Lọ́ńdọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan fi ewéko tútù bo ìlú mi. Ìbàdàn ní Àgànyìn ni mí. Bí mo bá délé, wọ́n ní mo ti di ará Nàìjíríà, ohùn mi ti le. Nínú kọ̀ǹpútà, wọn kò tilẹ̀ bí mi.

“Ó wà níbẹ̀, sà,” ni mo wí. “Wọn kò rí i ni.”

Kápítéènì yí po lórí koríko náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó yí padà.

* * *

Ìwé ìrìnnà Kánádà jáde fún Kápítéènì àti Mọ́mì ní oṣù kẹfà tí mo ti ń lọ sí Akobo. Kúnlé wá láti Kánádà, ó fẹ́ kó àwọn òbí rẹ̀ lọ, kí ó ti ilé pa.

“N ò lọ,” ni Kápítéènì wí. Ó já gaara. Bóyá ọ̀rọ̀ tó já gaara jù tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìkà ni Kúnlé ni, ì bá rọrùn, ẹnu mi ì bá rí iṣẹ́ ṣe. Kì í ṣe ìkà. Orúnkún Mọ́mì ti wú, wọn kò lè gbé ọkọ wọn dìde mọ́, wọ́n ti ṣubú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní balùwẹ̀. Kúnlé pè mí sẹ́yìn kùlé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dádì. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín.”

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Nínú gbogbo Ìbàdàn, èmi ni wọ́n rán láti lọ sọ fún ènìyàn pé àjò dùn. Mo mọ bí wọn yóò ṣe máa pe orúkọ wọn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn yóò bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọn yóò sì ní kí wọ́n tún un sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n dúró, ta ni yóò gbé wọn dìde ní balùwẹ̀? Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ní.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga.

“Kápítéènì, Kúnlé ní òun yóò ra oníwo fún yín níbẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí.”

Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọwọ́ mi.

“Ọ̀tún ńkọ́?” ni wọ́n wí.

N kò rí èsì fún un. Èmi, tí wọ́n ń sọ ní Ring Road pé bí mo bá kú, ẹnu mi yóò ṣì máa nájà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kápítéènì kò kọ̀ mọ́; Kúnlé ra ìwé bàálù fún wọn, ìjókòó èrò, nítòsí ilé ìtọ̀.

Ọ̀sán tó ṣáájú ìrìnàjò wọn, àpótí ẹrù kún pálọ̀. A jẹun, a jókòó sí àyè wa. A gbéra láti pápá bàálù Alákìà, a wo gbogbo Ìbàdàn láti òkè, páànù pupa tẹ́ lọ súà. Ó rí bí òótọ́. Kápítéènì kò lọ síbì kankan, wọ́n kàn ń yí po. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú bàálù sí pápá Alákìà, ojú ọ̀nà rẹ̀ ń tóbi bọ̀ wá bá wa.

“Fà,” ni wọ́n wí.

N kò fà á. Bàálù kọjá lórí pápá, ó tún lọ sókè. Wọ́n yí po, wọ́n tún kọjú sí i.

“Fà.”

Ọwọ́ mi wà lórí tọ́rótù, ó kọ̀. A tún kọjá.

Ìgbà kẹta, Kápítéènì kò wo pápá. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, bí wọ́n ṣe ti wo ọwọ́ ọ̀tún tiwọn ní oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó ti kú, láì bínú.

“Jọ̀ọ́,” ni wọ́n wí.

Mo fà á. Díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì rọ̀, táyà kanlẹ̀, kò tilẹ̀ ta. A dúró.

Mọ́mì gbọ́ pé ariwo ti dákẹ́, wọ́n pè wá láti ilé ìdáná.

“Ṣé ẹ ti dé?”

Ọwọ́ mi kò kúrò lórí tọ́rótù.